Oúnjẹ kétò fún ọmọ tó ní wárápá: ìbéèrè àwọn òbí ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn òbí ṣètò oúnjẹ fún ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Bí dókítà bá ti dárúkọ kétò fún wọn, ìyẹn oúnjẹ tí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀ tí sítáàṣì àti ṣúgà kò tó nǹkan, ìbéèrè tí ìyá ọmọ láti Ifẹ̀ máa bi mí náà ni bàbá ọmọ láti Iléṣà máa bi mí. Mo kó èyí tó wọ́pọ̀ jọ síbí. Kíkà ni ẹ ń kà á o. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ yìí fún ọmọ nílé láìsí dókítà àti onímọ̀ oúnjẹ nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Ṣé kétò tí àwọn obìnrin ń jẹ kí ikùn wọn lè wálẹ̀ náà lẹ ń sọ?

Orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Ẹni tó ń jẹ kétò kí aṣọ ẹbí lè bá a mu, bó bá yà jẹ dòdò lọ́jọ́ Sátidé, kò sí nǹkan tó ṣe. Ọmọ tó ń lò ó fún wárápá, dòdò yẹn lè dá gìrì padà sí i lára lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn ni oúnjẹ yìí jẹ́ fún un, gíráàmù ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Nínú irú tó le jù, bí ọ̀rá bá jẹ́ gíráàmù 4, purotéènì àti sítáàṣì (ṣúgà náà wà nínú rẹ̀) lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 1 lọ. Nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 agbára tí ọmọ ń rí nínú oúnjẹ, inú ọ̀rá ló ti ń wá. Nígbà tí ara kò bá rí ṣúgà lò, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rá di kétóònù, ọpọlọ á sì máa fi ìyẹn ṣiṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, bí ọpọlọ bá ti wà nípò yìí, gìrì kì í tètè dé.

Ọmọ wa ń lo oògùn, gìrì ò lọ. Ṣé kí a gba kétò?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo oògùn yẹn dáadáa. Ohun tí àwọn dókítà wárápá káàkiri ayé fẹnu kò lé lórí láti 2010 ni pé bí ọmọ bá ti lo oògùn méjì tó bá irú wárápá rẹ̀ mu, tó lò wọ́n bó ṣe yẹ, ní ìwọ̀n tó tó, tí gìrì kò sì dúró, a jẹ́ pé wárápá náà kò gbóògùn. Nínú ẹni 3 tó ní wárápá, nǹkan bí ẹni 1 ló máa ń rí báyìí. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ kétò máa ń wọlé.

Àmọ́ nínú àwọn tó ń wá bá mi, ti ọ̀pọ̀ wọn, owó ló tán, oògùn kò tíì kùnà. Oògùn á parí láàárín oṣù, wọ́n á ní kó di ìgbà tí owó bá wọlé. Tàbí kí wọ́n ṣẹ́ hóró kan sí méjì kó lè pẹ́. Tàbí kí wọ́n dá a dúró nítorí pé ẹnì kan gbé àgbo wá láti abúlé. Bí a kò bá lè fún ọmọ ní carbamazepine tàbí valproate lówùúrọ̀ àti lálẹ́ láìṣì í fún, kétò kò ní ṣeé ṣe nínú ilé yẹn, torí wàhálà rẹ̀ ju ti hóró oògùn lọ fíìfíì.

Àwọn kan wà tí a kì í dúró pẹ́ ká tó fún. Ọmọ tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í lè wọ ọpọlọ, àìsàn tí wọ́n ń pè ní GLUT1 deficiency, kétò ni ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún un. Gìrì ọmọ ọwọ́ tó máa ń ká ọmọ kò léraléra bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun, èyí tí dókítà ń pè ní infantile spasms, náà máa ń gbọ́ sí i dáadáa.

Wòlíì wa ní ààwẹ̀ àti àdúrà ló ń lé irú èyí lọ. Ṣé ẹ lòdì sí i ni?

Mi ò lòdì sí àdúrà. Mo mọ ibi tí wọ́n ti mú un nínú Bíbélì: Máàkù orí 9, ọmọ tó máa ń ṣubú sínú iná àti sínú omi. Inú ààwẹ̀ gan-an ni ìmọ̀ kétò ti jáde. Ó pẹ́ tí àwọn èèyàn ti kíyè sí i pé gìrì máa ń rọlẹ̀ lára ẹni tí kò jẹun. Ní 1911, dókítà méjì ní ilẹ̀ Faransé, Guelpa àti Marie, kọ̀wé lórí fífi ààwẹ̀ tọ́jú wárápá. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbààwẹ̀ títí ayé? Ní 1921, Russell Wilder ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà dá a lábàá pé kí wọ́n fi ọ̀rá tan ara jẹ, kó lè ṣe bí ẹni pé ààwẹ̀ ló wà. Mynie Peterman, ní ilé ìwòsàn kan náà, ló to ìwọ̀n rẹ̀: purotéènì gíráàmù 1 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá wọ̀n, sítáàṣì gíráàmù 10 sí 15 lóòjọ́, ìyókù ọ̀rá. Nígbà tí oògùn phenytoin dé ní 1938, wọ́n pa kétò tì, torí ó yá èèyàn lára láti gbé hóró mì ju kó máa wọn ẹyin lọ. Ó tó 1994, nígbà tí bàbá Charlie Abrahams, ọmọ kan tí kétò bá lára mu, dá Charlie Foundation sílẹ̀, kí ayé tó tún máa sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà kí wòlíì máa gbàdúrà, kó má sáà febi pa ọmọ. Ọmọ kékeré tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá já wálẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ gìrì láti inú ebi náà. Àwọn dókítà tó ń bẹ̀rẹ̀ kétò lónìí pàápàá, ọ̀pọ̀ wọn kì í tún ní kí ọmọ gbààwẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Màmá àgbà ní àdín tí àwọn ń fún ọmọ gìrì látijọ́ náà lẹ tún gbé dé.

Ọ̀rọ̀ wọn ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Nínú epo àgbọn àti àdín (àdín tí Èṣù kì í jẹ yẹn náà) ni wọ́n ti ń yọ òróró kan tó ń jẹ́ MCT, èyí tí ẹ̀dọ̀ máa ń tètè sọ di kétóònù. Láti 1971 ni wọ́n ti ń fi ṣe irú kétò kan. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni èyí tó wúlò jù nínú rẹ̀ jẹ́ nínú àdín, ilé iṣẹ́ ló sì ń yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Kí a máa rọ àdín sí ọmọ lẹ́nu nígbà tí gìrì ń mú un lọ́wọ́, ìyẹn kò bá kétò tan. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni àdín yẹn ń gbà lọ, ó sì lè pa ọmọ. Àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti tábà ṣe ńkọ́? Ẹ má fún un rárá. Ó máa ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, àwọn dókítà ọmọdé nílẹ̀ wa sì ti rí ọmọ tó tibẹ̀ kú.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?

Ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan, kì í ṣiṣẹ́ fún àwọn mìíràn, a kì í sì í mọ̀ ṣáájú. Ní 2008, àwọn oníwádìí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù gbé èsì jáde lórí ọmọ 145, ọlọ́dún 2 sí 16, tí gìrì wọn kò gbóògùn. Lẹ́yìn oṣù 3, gìrì dín ju ìdajì lọ fún ìdá 38 nínú 100 àwọn tó bẹ̀rẹ̀ kétò. Ìdá 6 ni ti àwọn tí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí gìrì wọn dín ju ìdá 90 nínú 100 lọ, ọmọ 5 péré ni. Ní Íńdíà, níbi tí ọ̀pọ̀ òbí ti jọ tiwa nínú owó àti oúnjẹ, wọ́n gbìyànjú irú èyí tó rọrùn fún ọmọ 102, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2013: ìdá 52 nínú 100 àwọn tó jẹ ẹ́ rí ìdínkù tó ju ìdajì lọ, nígbà tí àwọn tó ń lo oògùn nìkan jẹ́ 11.5.

Ẹni tó bá ṣèlérí fún yín pé kétò máa wo wárápá ọmọ yín sàn dandan, ẹ di àpò yín mú.

Kí lọmọ Ìjẹ̀ṣà fẹ́ jẹ bí kò bá jẹ iyán?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ìgbà tí ẹ bá bi mí ni mo mọ̀ pé ẹ ti ń rò ó tọkàntọkàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ èyí tó lọ. Iyán, ẹ̀bà, àmàlà, ẹ̀kọ, ìrẹsì, ẹ̀wà, búrẹ́dì, dòdò, gbogbo wọn lọ. Iṣu sísè gíráàmù 50, tí kò tó ìbẹ́ kan tó nípọn, fẹ́rẹ̀ẹ́ ní gíráàmù 14 sítáàṣì nínú. Ìyẹn nìkan ti kún ìwọ̀n ọjọ́ kan. Gàrí gbígbẹ gíráàmù 100 ní ju 80 lọ. Ọ̀sàn náà lọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ náà lọ. Ọbẹ̀ ata tí ẹ rò pé kò ní nǹkan kan nínú ní ṣúgà láti ara àlùbọ́sà àti tòmátò, a sì gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀.

Ohun tó kù kò kéré. Ẹyin. Ẹja Titus, tó lọ́ràá nínú ju àwọn ẹja funfun lọ. Adìyẹ pẹ̀lú awọ rẹ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú. Ẹ̀gúsí, tí nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ òróró. Àgbọn. Píà nígbà òjò, nígbà tó bá kún ọjà Àtàkúmọ̀sà àti Odò-Ogbè; bí òjò bá lọ, ó lọ nìyẹn. Bọ́tà, màyónéèsì tí kò ní ṣúgà, epo pupa. Ẹ̀yin ìyá Yorùbá ti mọ bí a ṣe ń se ẹ̀fọ́ tí epo ń yọ lójú rẹ̀; èyí tí onímọ̀ oúnjẹ òyìnbó fi ń wá kúrímù kiri, ẹ̀yin ti ní i nínú kẹ́ẹ̀gì.

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni wíwọ̀n. Síkéèlì ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù lẹ máa rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹran lọ́jà. Ẹ gbé abọ́ lé e, ẹ tẹ bọ́tìnnì kó padà sí òdo, ẹ bu ẹ̀fọ́ sí i títí yóò fi pé iye tí a kọ sílẹ̀ fún yín. Ẹ tún dá a padà sí òdo, ẹ da epo sí i. Bó bá fi gíráàmù 2 lé, ẹ fi ṣíbí gbọ́n ọn kúrò. Epo tó lẹ̀ mọ́ ara abọ́ lẹ́yìn tí ọmọ jẹun tán wà nínú ìwọ̀n yẹn o! Ẹ fi ẹyin tó kù nu abọ́ náà kó jẹ ẹ́, tàbí kí ẹ fi ìka nù ún sí i lẹ́nu. Ìyá tó bá ń da epo ìsàlẹ̀ abọ́ nù, ìwọ̀n ọ̀rá ọmọ rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, á sì máa yà á lẹ́nu pé kétóònù kò jáde.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ pé kétóònù jáde ni páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a ń tì bọ inú ìtọ̀. Bó bá di àwọ̀ elése àlùkò, ó ti wà.

Kí ló máa ń ba oúnjẹ yìí jẹ́ jù lọ?

Owó wà níbẹ̀, iná mànàmáná wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi èmi, ìfẹ́ ni. Ọmọ wa kì í ṣe ti ìyá rẹ̀ nìkan, ẹni tó bá sì fẹ́ràn ọmọ, oúnjẹ ló ń fi hàn án. Ìyá àgbà á bu òkèlè sí i lẹ́nu. Ọ̀rẹ́ bàbá á mú bísíkíìtì dání. Alájọgbé á pè é wá jẹ ìrẹsì ọjọ́ ìbí. Ìyá ọmọ á lọ síbi iṣẹ́, gìrì tí kò wá láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan á wá lálẹ́, kò sì ní sí ẹni tó máa sọ ohun tí ọmọ jẹ.

Èyí tó le jù ni ti ìyá ọkọ. "Ìyàwó, kí lọmọ yìí ṣe fún ọ tí o fi ń febi pa á? Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ò jẹyán!" Kí ni ìyàwó fẹ́ fi dáhùn? "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá" ni, á sì dákẹ́. Ìdí rèé tí mo fi máa ń sọ pé kí bàbá ọmọ fúnra rẹ̀ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó má sì jẹ́ lórí fóònù. Bó bá ṣeé ṣe, kí Màmá bá wọn wá sí ilé ìwòsàn kí oúnjẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó sídìí síkéèlì, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wọn ẹyin àti epo náà. Lẹ́yìn náà, mo máa ń fún wọn ní nǹkan kan tí wọ́n lè máa fún ọmọ: ègé àgbọn kékeré tí a ti ṣírò mọ́ oúnjẹ ọjọ́ náà, tó jẹ́ pé ọwọ́ Màmá nìkan ló ti ń wá. Wọn kì í wá ṣe ẹni tí a fòfin dè mọ́, àwọn náà ní ohun tí wọ́n ń fún ọmọ wọn.

Ìtìjú tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé kò fẹ́ kí aládùúgbò mọ̀ pé wárápá ló ń ṣe ọmọ, torí àwọn èèyàn ṣì gbà pé itọ́ ẹnu rẹ̀ máa ń ran ni. Kì í ran ẹnikẹ́ni, yálà itọ́ tàbí abọ́ tó fi jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi àìsàn pa mọ́ kò lè ṣàlàyé ìdí tí ọmọ kò fi gbọdọ̀ jẹ súwíìtì. Ẹ ò ní láti dárúkọ wárápá fún gbogbo ayé. Ẹ ṣáà ní, "Dókítà ní kò gbọdọ̀ fẹnu kan ṣúgà." Ó tó.

Ilé ìwé ńkọ́?

Kí tíṣà kíláàsì rẹ̀ mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Oúnjẹ ilé nìkan, nínú abọ́ tó ní ìdérí, omi tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín kéèkì, kí tíṣà ní ohun kan tí ẹ ti fún un tẹ́lẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ tó máa fún un dípò rẹ̀.

Ibà mú un. Ṣé ó lè lo oògùn olómi?

Ẹ ṣọ́ra gidigidi níbí. Oògùn olómi tí wọ́n ń ṣe fún ọmọdé, ti ikọ́ ni o, ti ibà ni o, parasitamọ́ọ̀lù pàápàá, ṣúgà ló sábà máa ń kún inú wọn. Oògùn wárápá olómi náà wà lára wọn. Ẹ béèrè èyí tó jẹ́ hóró, kí ẹ lọ̀ ọ́ bí dókítà bá ní ó ṣeé lọ̀. Ó bọ́ sí i pé oògùn ibà tí a ń lò jù, artemether àti lumefantrine, máa ń wọ ara dáadáa bí èèyàn bá fi oúnjẹ ọlọ́ràá gbé e mì, ọ̀rá kì í sì í wọ́n ọmọ kétò.

Díríìpù ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Bí ọmọ bá ń bì tí wọ́n gbé e lọ sí kílíníìkì tó sún mọ́lé, díríìpù tó ní ṣúgà ni nọ́ọ̀sì sábà máa kọ́kọ́ nawọ́ sí, inú rere ló sì fi ń ṣe é. Ẹ kọ ọ́ sórí káàdì kan tí kò ní kúrò nínú báàgì ìyá: ọmọ yìí wà lórí oúnjẹ kétò nítorí wárápá, omi oníyọ̀ ni kí ẹ fà sí i, kì í ṣe ti ṣúgà, àyàfi bí ẹ bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò tí ṣúgà rẹ̀ ti já. Kí nọ́ńbà dókítà rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Bí ṣúgà rẹ̀ bá já lóòótọ́, kí wọ́n fún un ní ṣúgà. Kétò kì í ṣe ìdí láti fi ẹ̀mí ọmọ tàfàlà.

Kí ni oúnjẹ yìí lè bà jẹ́ lára ọmọ?

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń le: ó lè máa sùn ṣáá, kó máa bì, kó kọ oúnjẹ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, inú ilé ìwòsàn ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àìlèyàgbẹ́ ló wọ́pọ̀ jù, ewébẹ̀ àti omi ló ń tú u. Òkúta máa ń dì nínú kíndìnrín àwọn kan, nǹkan bí ọmọ 1 nínú 20, pàápàá bí kò bá mu omi tó tàbí tó ń lo oògùn wárápá tó ń jẹ́ topiramate. Bí ìtọ̀ bá ń pọ́n, ẹ má dúró dọ̀la. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ lè ga. Fítámìnì àti kálísíọ̀mù kò ní tó láti inú oúnjẹ yìí, torí náà dandan ni kó máa lo hóró wọn.

Ó tún lè má dàgbà bó ṣe yẹ. Ẹ má fi káàdì ìwọ̀n ṣeré. Iléṣà ló yẹ kó mọ iyì káàdì yẹn ju ibikíbi lọ: Dókítà David Morley tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní ìparí àwọn ọdún 1950, kó tó tàn ká ayé.

Ọmọ wa jẹ́ SS.

Ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó sọ nǹkan mìíràn. Kétò máa ń mú kí ásíìdì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, omi ara sì tètè máa ń gbẹ. Méjèèjì lè fa kíráísì. Bákan náà, àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn kò lè lo ọ̀rá láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, kétò lè pa wọ́n. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ gba kí wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn.

A ò lówó. Ṣé kò sí èyí tó rọrùn?

Ó wà. Láti 2003 ni wọ́n ti ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní modified Atkins, tí ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀, òun náà ni wọ́n lò ní Íńdíà. Sítáàṣì nìkan lẹ máa ṣírò, gíráàmù 10 sí 20 lóòjọ́. Ẹyin, ẹja àti ẹran kò ní ìdíwọ̀n, ẹ óò sì máa fi ọ̀rá kún un dáadáa. Fún ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀, èyí ni mo máa ń fẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ wò. Ṣíbí àti ife tí ẹ mọ̀ lè ṣe é, ìyá tí kò kàwé lè ṣe é. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, àti èyí tó ń fi rọ́bà imú jẹun, irú àkọ́kọ́ tí a ń fi síkéèlì wọ̀n ló sábà bá wọn mu.

Ẹyin àti ẹja kò pọ́ọ̀kù, mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹni tó bá lè sin adìyẹ mélòó kan lẹ́yìnkùlé ti jẹ́ kó fúyẹ́.

Ìgbà wo ló máa parí?

Ẹ fún un ní oṣù 3 tó péye. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, a óò dá a dúró. Bó bá ṣiṣẹ́, nǹkan bí ọdún 2, lẹ́yìn náà a óò máa dín ọ̀rá kù díẹ̀díẹ̀ fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Ẹ má ṣe dá a dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo nítorí Kérésì tàbí Iléyá. Oògùn rẹ̀ náà, dókítà nìkan ló lè dín in kù.

Bí gìrì bá mú un nígbà tó ṣì wà lórí oúnjẹ náà?

Bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà ni. Ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ wo aago. Ẹ má ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu títí tí ojú rẹ̀ á fi wálẹ̀ dáadáa. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tí òmíràn tẹ̀ lé e kó tó jí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú káàdì inú báàgì yẹn. Bó bá ti rọlẹ̀, ẹ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kí ẹ sì rọra béèrè lọ́wọ́ gbogbo ará ilé, láìsí ìbínú, ohun tó jẹ láti àárọ̀.